Opó Náà Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo ní ẹ̀bi kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí n tó sọ ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọ pinnu lórí ríran àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù lọ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin oníṣòwò kan wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó fa ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, ó sì gbé káàdì àjọ rẹ̀ lé orí tábìlì mi. Alájọ ti fàmì sí i di ọjọ́ kẹtàlélógún, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti lọ bá alájọ, ó ní ìyàwó òun ni ó rán òun wá, ó sì kó gbogbo owó náà lọ. Nígbà tí ó bèèrè owó rẹ̀, ìgbátí ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. Mo gbàdúrà fún un, mo ní kí ó ṣe sùúrù nítorí àwọn ọmọ, a fún un ní ìrẹsì láti inú owó ìrànlọ́wọ́, ó sì padà sílé. Kò pé oṣù méjì tí mo fi lọ kí i ní ilé ìwòsàn. Apá ọ̀tún tí ó fi ń gbé ẹrù ọjà ti kán.

Ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì pé, “Bàbá, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúrò. Níbo ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, kí sì ni mo fẹ́ fi bọ́ wọn?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìfẹ́ ni ó ń dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dúró, tàbí ìtìjú kí wọ́n má baà pè é ní ilémosú. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀ràn tí ó ti dé iwájú mi, owó ilé, owó ilé ìwé àti oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni okùn tí ó yi jù. A kò lè ní kí ẹni tí kò ní ibi tí yóò lọ ṣe sùúrù, kí a sì máa pe ìyẹn ní ìmọ̀ràn.

Ẹ wo ohun tí Èlíṣà ṣe fún opó inú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ti dé láti kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Wòlíì náà bèèrè ohun tí ó ní nínú ilé, ó dáhùn pé ìkòkò òróró kan péré ni. Wòlíì ní kí ó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kí ó má ṣe yá díẹ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òróró kún, Èlíṣà kò ní kí ó gbé e wá kí òun bá a tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù. Ọwọ́ obìnrin náà ni ọjà wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni owó wà.

Ilẹ̀kùn tí ó tì yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yìí. Bí a bá pe obìnrin jáde síwájú ìjọ, tí a fún un ní owó òwò, tí gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́, ọkọ tí ó ń lù ú yóò ti gbọ́ iye owó náà kí ó tó délé. A ti san owó sínú àkáǹtì arábìnrin kan rí, láìmọ̀ pé fóònù ọkọ rẹ̀ ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí. Owó náà kò sùn mọ́jú, arábìnrin náà sì tún jìyà lé e lórí pé ó ń ṣe nǹkan ní bòókẹ́lẹ́. Nítorí náà, ààbò ni yóò máa ṣáájú: ibi tí òun àti àwọn ọmọ lè sùn, ìwé ọjọ́ ìbí wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán, àkáǹtì tuntun lórí nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni owó òwò tó kàn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti sọ di tiwọn, ka lílu aya sí ọ̀ràn, ó sì ka lílé e jáde nílé tipátipá àti fífi ọ̀rọ̀ owó ni ín lára sí ọ̀ràn pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2007. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí kóòtù, ìjọ yóò bá a lọ. Ẹ̀yin ọkọ, Pétérù Kìn-ín-ní 3:7 kìlọ̀ fún wa pé kí a bọ̀wọ̀ fún aya wa kí àdúrà wa má baà ní ìdènà. Ẹni tí ó bá ń lu aya rẹ̀ kò ní di ipò kankan mú nínú ìjọ yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé láti oṣù tí ń bọ̀, ìdajì owó ìrànlọ́wọ́ yóò di owó òwò tí kò ní èlé. Ìyá Ìjọ àti àwọn ìyá méjì ni yóò máa bójú tó o. Èmi fúnra mi kò ní mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá wù ú láti sọ fún mi. Arábìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí ìdí ọjà, n kò sì ní sọ ọjà tí ó jẹ́.

Ìkòkò òfìfo ni mo wá ń yá lọ́wọ́ yín báyìí: ojú ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà tí ẹnikẹ́ni kò lò, maṣíìnì ìránṣọ tí eruku ti bò, fírísà tí ó wà ní kọ̀rọ̀, yàrá kan fún oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá Ìyá Ìjọ sọ ọ́ lójúkojú. Ẹ má kọ ọ́ sínú àpòòwé ọrẹ, nítorí ọwọ́ tí ó ń ṣí ìyẹn pọ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn yín