Èmi tí mò ń rán ànkárá ìbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti yí ẹgbẹ́ òṣèlú padà, ìrẹsì àti ànkárá ló yí i lọ́kàn padà. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí èmi ni mò ń rán ànkárá ọ̀hún. Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ, kò sì sí ẹgbẹ́ tí n kò rán aṣọ rẹ̀ rí, ti ìgbálẹ̀ APC, ti agboòrùn PDP, títí dé ti àwọn tí ibò wọn kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Bó ṣe ń rí nìyí. Obìnrin kan náà á gbé ànkárá ẹgbẹ́ méjì wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́, á ní kí n fi láínìn sí i, kí n ṣe ọrùn rẹ̀ kó dùn ún wò, kí n sì ṣọ́ra kí ojú olùdíje má lọ bọ́ sí ìdí òun. Èkejì ńkọ́? "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣáà fi gán yẹ̀rì fún mi." Owó iṣẹ́ tó bá san ni mo fi ń mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Aṣọ ọ̀fẹ́ kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ìfẹ́ ẹgbẹ́ tó wà lọ́kàn ìyá mi, mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn náà sì ni Ẹ̀pẹ́ wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Apẹja ni bàbá ìyá mi, kò ní i lọ́kàn rárá láti fowó rán obìnrin nílé ìwé. Títí màámi fi kú, ẹni tó bá bá wọn jiyàn òṣèlú, èsì kan náà ni: "Ta ló fún mi ní síléètì?" Wọ́n máa ń fi yangàn pé àwọn ò kúrò nínú ẹgbẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ti di UPN ní 1978, AD dé ní 1998, AC ní 2006, ó di APC ní 2013. Orí àga kan náà ni màámi jókòó sí, ilé ló ń pààrọ̀ orúkọ. Lọ́dún tí wọ́n dá APC yẹn, àwọn tí màámi ti ń bú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wọlé wá di ará ilé. Mo bi wọ́n pé báwo la ṣe fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní ṣé àwọn ni àwọn lọ bá àlejò ni, àbí àlejò ló wá bá àwọn. N kò rí èsì fún wọn títí dòní.

Ní 2023, ọmọ mi obìnrin dìbò ààrẹ fún ẹgbẹ́ Labour. Mo bínú, mo pè é lórí fóònù, mo ka gbogbo iṣẹ́ Jákáńdè, gómìnà Èkó lábẹ́ UPN, sí i létí. Kí Jákáńdè tó dé ní 1979, ọwọ́ ọ̀sán ni mò ń lọ sílé ìwé ní Mushin, lọ́dọ̀ àbúrò màámi, torí àwọn ọmọ mìíràn ló ń lo kíláàsì wa láàárọ̀. Òun ló fòpin sí ìyẹn. Àwọn alátakò rẹ̀ ń pe kíláàsì tó kọ́ ní ilé adìyẹ, inú ilé adìyẹ ọ̀hún ni mo ti kọ́ ìṣirò tí mo fi ń wọn aṣọ lónìí. Ọmọ náà gbọ́ mi tán. Ó ní, "Màámi, ti yín nìyẹn. Ẹ rántí báàgì mi?"

Mo rántí. Ní 2020, àwọn ọlọ́pàá SARS kan tó gbébọn dání ní kó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tú fóònù rẹ̀ wò, wọ́n sì mú un lọ gba owó jáde fún wọn torí kọ̀ǹpútà tó gbé dání. Okùn báàgì rẹ̀ já níbi tí wọ́n ti ń fà á. Èmi ni mo rán an padà lóru ọjọ́ yẹn. Mo rán an tán, mo gbàgbé. Òun kò gbàgbé, ẹgbẹ́ wa ló sì ń ṣèjọba nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ló gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa, n kò wá mọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe fẹ́ dá a padà. Labour ní ibò 582,454 ní ìpínlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ ìbò ààrẹ 2023 náà, APC ní 572,606, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Ẹ̀pẹ́ níbí ìgbálẹ̀ ló borí. Ẹni tó bá ní ìrẹsì ló ra gbogbo ìyẹn kò mọ iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan náà kì í tó. Nígbà tí Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, pàdánù ìbò abẹ́lé APC sọ́wọ́ Sanwo-Olu lóṣù kẹwàá ọdún 2018, Alhaja kan, ojúgbà mi, tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, gbé ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá. Ó ní kí n gé e sí àpò ìrọ̀rí. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo mú àlùmọ́gàjí. Ó ní, "Dúró ná." Ó wo aṣọ náà títí. Ó ní bí gbogbo ẹgbẹ́ ọjà bá wọ tiwọn lọ́la, kí ni òun máa wí? Ó ká a, ó gbé e lọ. Lóṣù kẹta ọdún 2019, tí wọ́n ń jó kiri torí Sanwo-Olu wọlé, mo rí Alhaja láàárín wọn. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mi ṣì hàn létí ìró náà. Ọkàn rẹ̀ ti jáde, ẹsẹ̀ ni kò rí ọ̀nà tí kò lójútì gbà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde lóṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, Alhaja kì í dárúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Epo yẹn ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ẹja wá fún un ń mu. Lóṣù tó kọjá ó tún gbé ìró náà dé. Mo bi í bóyá kí n gé e báyìí. Ó ní kó ṣì wà lọ́dọ̀ mi ná, kí n má tíì fọwọ́ kàn án.

Abẹ́ ẹ̀rọ mi ló wà, nínú ọ̀rá. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, kó yà wá wò ó.

Ìyá Ìbejì,
Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́.