Ẹ má yára dájọ́ ikú fún gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtijọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tó jáde lójú ewé ọkọ̀ yín, níbi tí wọ́n ti ní bí gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtijọ́ bá ti ń kùn tàbí tí gíà rẹ̀ ń yọ, ká tú u dànù, ká wá òmíràn. Ó dùn mí dọ́kàn, torí irú ìmọ̀ràn yẹn ni mo gbà nígbà kan.

Land Rover Series III ọdún 1978 ni mo ń tún ṣe. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, gíà kẹta á yọ bọ́ sí fíríì. Mẹkáníìkì wò ó fìrí, ó ní ó ti kú. A pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí èyí tá a fi rọ́pò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìgbà yẹn ni mo sọ pé ojú ara mi ni màá fi wò ó.

Ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ tú. Mo wa ọkọ̀ títí ó fi gbóná, mo gbé abọ́ funfun sábẹ́ rẹ̀, mo ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Kò ju nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ lọ. Mo ti òòfà bọ̀ ọ́. Ohun tó lẹ̀ mọ́ òòfà dà bí ẹrẹ̀ eérú, ó kúnná láàárín ìka. Ìyẹn ò burú. Ká ní èérún irin tó ń gún ọwọ́ ni, eyín gíà tàbí béárìn ti ń fọ́ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo gbé abọ́ sínú oòrùn tí mo rọra ń fì í, mo rí wínníwínní kan tó ń dán bíi wúrà, tí òòfà ò gbé. Idẹ ni. Ara òrùka synchro, ìyẹn òrùka tó ń jẹ́ kí eré àwọn gíà bára dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn, ló ti ń yún. Series III ló sì kọ́kọ́ ní synchro lórí gíà iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìdílé Series, nítorí náà òrùka tó lè yún pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo tẹ́tí. Ọkọ̀ dúró, ó wà ní fíríì, ẹsẹ̀ mi ò sí lórí kíláàṣì: ó ń kùn. Mo tẹ kíláàṣì, ó dákẹ́. Lójú ọ̀nà, ó ń kùn ní gíà kìíní, ìkejì àti ìkẹta, ṣùgbọ́n ní ìkẹrin, kẹ́kẹ́ pa. Ní gíà kẹrin, agbára ẹ́ńjìnnì ń kọjá lọ tààrà ni. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní layshaft ń yí lásán, kò ru ẹrù kankan. Bí ariwo bá kú síbẹ̀, béárìn ọ̀pá yẹn ni kẹ́ ẹ fura sí. Lóòótọ́, mo ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n béárìn ni mo rà, n ò ra odindi gíábọ́ọ̀sì.

Yíyọ tí gíà ń yọ wá ńkọ́? Sípíríìngì kékeré kan ni, èyí tó ń ti ọta irin sínú kòtò lára ọ̀pá tó ń yan gíà. Páànù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo ṣí kí ọwọ́ mi tó tó o. Mo gbé e ti tuntun: ó ti sún kì, ó kúrú jù ú lọ, ìka méjì péré ni mo fi tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀.

Gíábọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo lọ yọ sípíríìngì tirẹ̀ náà: ó ti ṣẹ́ sí méjì. Àmọ́ òjò ti gba ihò ọ̀pá gíà wọlé, ìpẹtà sì ti jẹ eyín rẹ̀ kọjá àtúnṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa ṣàtúnṣe ibi tí àpilẹ̀kọ yẹn ti ní ọ́ìlì gíà èyíkéyìí ló dáa. GL-4 (ìpele ọ́ìlì gíà nìyẹn), nọ́ńbà 90 (bó ṣe ki tó nìyẹn), ni kí wọ́n dà sí i. Nínú àwọn ọ́ìlì ìpele GL-5 kan, èròjà tó ń dáàbò bo irin máa ń jẹ idẹ, òrùka synchro ló sì máa kọ́kọ́ lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ọlọ́jọ́ pípẹ́