Lẹ́tà sí Rùkáyà láti etí odò Ganga

Varanasi, Íńdíà
Ọjọ́ 6, oṣù Bélú, 2025

Rùkáyà ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí iṣẹ́ tó o rán pé mo kú ọdún Diwali, ọdún fìtílà àwọn Hindu. O ṣeun, àmọ́ Diwali ti kọjá tipẹ́. Oṣù tó gbé e dání, tí wọ́n ń pè ní Kartik, ni kò tíì tán nígbà yẹn. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. O tún bi mí bóyá àwọn Hindu náà ń gba ààwẹ̀. Háà! Wá àyè jókòó.

Lápá àríwá tí mo wà yìí, ọjọ́ kejì òṣùpá àrànmọ́jú ni oṣù tuntun ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí oṣù bá lé bíi tiyín. Ìyẹn ni Diwali, tí í ṣe alẹ́ àìsí òṣùpá, ṣe bọ́ sí àárín Kartik. Ní Gujarat ńkọ́? Ọjọ́ kejì Diwali ni Kartik tiwọn ń wọlé, ọdún tuntun wọn sì nìyẹn. Ramadáànì yín a máa yí gbogbo ọdún ká, bó ṣe ń bá òjò pàdé ló ń bá ọyẹ́ pàdé. Ti ibí kì í rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti oòrùn, torí náà, tó bá ti tó bí ọdún mẹ́ta, wọ́n á ki odindi oṣù kan bọ̀ ọ́ láàárín. Ọ̀kan ń bọ̀ lọ́dún 2026, ìdí nìyẹn tí Diwali tó jẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà lọ́dún yìí yóò fi sún dé ọjọ́ 8 oṣù Bélú lẹ́ẹ̀mí-ìn.

Àní kí ẹnikẹ́ni tó tan fìtílà Diwali, àwọn obìnrin ti gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Karva Chauth ló ṣáájú. Aládùúgbò wa kan láti Punjab jẹ sààrì tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un, kò sì fi omi kan ẹnu títí òṣùpá fi yọ lálẹ́. Ó wo òṣùpá látinú ihò ajọ̀, ó fi ajọ̀ kan náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ wá bu omi fún un mu. Nítorí kí ẹ̀mí ọkọ lè gùn ni. Mo bi í pé ta ló ń gbààwẹ̀ kí ẹ̀mí ìyàwó gùn, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ká má purọ́, àwọn ọkọ kan ti ń bá ìyàwó wọn gbà á báyìí. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àwọn ìyá: Ahoi Ashtami, ààwẹ̀ nítorí ọmọ, ìràwọ̀ ni wọ́n ń dúró dè láti ṣínu.

Diwali fúnra rẹ̀, o ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tó. Èéfín báńgà ni mi ò fẹ́ràn.

Chhath ló gbà mí lọ́kàn. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn Diwali ni, ọdún àwọn ará Bihar, ọmọ ibẹ̀ sì ni ìyá onílé mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fi ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi mílíìkì àti ṣúgà ìrèké se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́, ó parí nìyẹn: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, fún bíi wákàtí 36. Ìwọ tó o máa ń fọ́nnu fún mi ní gbogbo Ramadáànì, ṣé o gbọ́? Kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Nínú ebi yẹn ló ti ń po ìyẹ̀fun àlìkámà, tó ń dín thekua, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tọ́ wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, a ru apẹ̀rẹ̀ lọ sódò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn, ìrèké tòun tewé. Ó kun àtíkè pupa rẹ́súrẹ́sú láti orí imú dé àárín irun, ó wọ inú Ganga títí omi fi mù ún dé ìbàdí, ó kọjú sí oòrùn tó ń wọ̀. Èyí tó ń wọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí o, kó tó kan èyí tó ń yọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Kò sí àlùfáà tó ń dárí ẹnikẹ́ni. Olówó, tálákà, àwọn ọkùnrin mélòó kan náà, gbogbo wọn dúró sínú omi kan. Nígbà tí oòrùn yọ, tí wọ́n ti kí i tán, ó ṣínu. Mo wá tọrọ thekua tèmi. Títọrọ rẹ̀ kì í ṣe ìtìjú níbí, kódà ẹni tó rí já jẹ ti rí ìbùkún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òrìṣà Vishnu jí lójú oorun oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó fún un pẹ̀lú ewé tulsi, ọmọ ìyá efinrin wa. Bí ó ti jí ni àkókò ìgbéyàwó àwọn ènìyàn náà ṣí, ariwo ìlù kò jẹ́ ká sùn mọ́. Lálẹ́ àná, wọ́n to fìtílà alámọ̀ sórí gbogbo àtẹ̀gùn etídò. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé mo tètè sá wálé.

Tó o bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lóòótọ́, má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé ọ padà ní kété tí Diwali bá tán. Dúró di Chhath. Ìyá onílé ti ní yàrá wà. Gbé súwẹ́tà dání, etídò máa ń tutù láàárọ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé