Kí ẹ tó dá bátìrì padà: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tó ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ewu omi. Láti ìsinsìnyí lọ, a ò ní í ta bátìrì tí wọ́n dí pa, èyí tí ẹ ń pè ní dry cell, fún ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ mọ́, àfi tí a bá kọ́kọ́ fi mítà wọn iná tí ẹ́ńjìnnì náà ń mú jáde. Mo mọ̀ pé ó máa bí àwọn kan nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí àwa gan-an la kọ́kọ́ ṣi nǹkan yìí mú.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà wa kan tó ń fi ọkọ̀ kó èrò àti ẹja níbí ní Ẹ̀pẹ́ gbé bátìrì tuntun padà wá. Kò tíì lò ó tó oṣù méjì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú bí àkàrà, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀ fún un láìjanpata. Kò pẹ́, ó tún gbé èkejì dé, bákan náà ló rí. Ó ní ayédèrú la ń tà. Ká má purọ́, èmi náà ti ń bú ẹni tó ń kó ọjà fún wa lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sórí ọ̀sà.

Mo jókòó ti bátìrì, mo fi ẹnu mítà méjèèjì kan orí rẹ̀. Kó tó sítáàtì, fóltì 12.6 ni mítà kà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún lójú kan, ó di 13.2. A kúrò ní èbúté, ó fi kún eré díẹ̀, 14.3. Inú mi dùn, mo ní ẹ́ńjìnnì yìí ò ṣe nǹkan kan. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ gbé imú sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: 15.1, 15.6, 16.2. Mo na mítà sí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé èbúté.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Òòfà ló wà lára fùláìwíìlì, irin róbótó tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì yín, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ, sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í yí. Bí òòfà ṣe ń yí po kọ́ìlì ni iná ń jáde, bó bá sì ṣe ń yára tó ni iná ń pọ̀ tó. Iná yìí ń lọ, ó ń bọ̀ ni, bátìrì ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí rẹ́tífáyà fi wà: òun ló ń dá iná náà sọ́nà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Kì í sọ fún iná pé ó tó. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ò sì ní in. Ti mọ́tò yàtọ̀, torí òòfà inú aatanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde nínú mọ́tò, iná ló ń fún un lágbára, rẹ́gúlétọ̀ sì lè dín iná náà kù. Òòfà ti ọkọ̀ ojú omi, bó ṣe wà ló wà, kò sẹ́ni tó lè ní kó rọra.

Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Iná tí àwọn kékeré inú wọn ń mú jáde kò pọ̀, bí áńpì 6 tàbí kó lé díẹ̀, bátìrì olómi ló sì wà níta nígbà náà. Tí iná bá pọ̀ jù fún bátìrì olómi, omi inú rẹ̀ á máa hó, á máa fà, ẹ ó ṣí i, ẹ ó sì bu omi sí i. Dry cell ò níbi tí ẹ ó gbà bu omi sí i. Ohun tó bá gbẹ nínú rẹ̀ ti gbẹ nìyẹn.

Ẹ fi nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn. Bátìrì 12 fóltì tó yó, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bí 12.6 tàbí 12.7. Tó bá ń gba iná, 13.8 sí 14.5 dára. Tó bá kọjá 14.8 tí kò sì sọ̀kalẹ̀, ẹ ń se bátìrì ni. Tí kò bá kúrò ní 12.6 rárá pẹ̀lú eré, ó ṣeé ṣe kí rẹ́tífáyà ti jóná. Tí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lára dáṣíbọ́ọ̀dù, rẹ́tífáyà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí inú iná kọ́ìlì kan náà ni abẹ́rẹ́ yẹn ti ń jẹun.

Ọkùnrin tí mo sọ yẹn, a yọ rẹ́tífáyà rẹ̀, a fi èyí tó ní rẹ́gúlétọ̀ nínú sí i. A dè é mọ́ irin ẹ́ńjìnnì gbọn-in, torí ó máa ń gbóná, irin ló sì ń gba ooru lára rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Nígbà tí a tún sáré jáde, mítà dúró sí 14.4, kò kúrò níbẹ̀. Àwọn kan máa ń lo ti ọ̀kadà torí owó rẹ̀ kéré. Mi ò ní kò lè ṣiṣẹ́, mo ti rí èyí tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lára ọ̀kadà púpọ̀, etí kọ́ìlì kan so mọ́ irin. Ti ọkọ̀ ojú omi kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà tó mọ iṣẹ́ wò ó, kó sì mọ iye áńpì tó lè gbé.

Ẹni tí kò tíì lówó rẹ́gúlétọ̀, kó ra bátìrì olómi tó tóbi, kó máa tan gílóòbù ọkọ̀ tí eré bá pọ̀ kí iná lè ríbi lọ, kó sì máa yẹ omi inú bátìrì wò. Omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i o, kì í ṣe ásíìdì, kì í sì í ṣe pure water. Ẹ má mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gáàsì tó ń jáde lára bátìrì tó ń hó máa ń bú gbàmù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ láti fi sítáàtì ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Bátìrì ló ń di iná mú. Tí ẹ bá yọ ọ́, iná á fò sókè, rẹ́tífáyà á sì jóná lójú ẹsẹ̀, bóyá pẹ̀lú fóònù tí ẹ ń cháàjì. Orí bátìrì tó tú tàbí tó ti hu nǹkan funfun lè ṣe ohun kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tó fẹ́ gbé bátìrì lithium ilé yín sínú ọkọ̀ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: tí iná bá ti pọ̀ jù, lithium máa ń já ara rẹ̀ kúrò, ó sì dà bí ìgbà tí ẹ fọwọ́ ara yín yọ orí bátìrì lórí eré.

Bátìrì tí a bá wọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí a tó tà á, tó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí a kò bá wọ̀n, ẹ má bínú. A kì í gbowó ìwọ̀n. Orí omi la ti ń ṣe é, torí mítà ò lè sọ òótọ́ tí ọkọ̀ ò bá sáré. Ẹ ṣáà gbé epo tiyín dání.