Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí àwòrán tí kò lójú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara gbogbo wa le, bàbá rẹ kí ọ. Ohun tó ká mi lára nínú rẹ̀ ni pé o ní o kò lọ sí kíláàsì yíya ènìyàn mọ́, torí pé àwòrán tí kò lójú tí kò nímú, àwọ̀ àti ìlà nìkan, lo fẹ́ máa yà. Èmi ò bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jà. Aláró ni mí. Èwo nínú àrà tí mò ń ṣe sára aṣọ ló lójú? Àmọ́ má sáré.

Wo Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ayàwòrán tí gbogbo Òṣogbo mọ̀. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Kó tó máa ya ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè dárúkọ, ó ti fi pẹ́ńsù ya ewéko àti ẹranko fínnífínní, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Vienna. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀. Ní Ẹdẹ, Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, gbà á mọ́ra. Obìnrin tó ti kàwé tó bẹ́ẹ̀ tún jókòó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ! Ìwọ náà mọ iṣẹ́ yẹn: bí ẹ̀kọ láfún tí a fi ń dènà aró bá ki jù, á sán bó bá gbẹ, aró á wọlé, bó bá ṣàn jù, ìlà tí o fi ìyẹ́ adìyẹ fà á fẹ̀, àrà á dàrú.

Àwọn ère inú igbó Ọ̀ṣun tí òun, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, àtàwọn yòókù jọ mọ, apá wọn gùn, ojú wọn yọ síta, wọn ò jọ ènìyàn kankan. Síbẹ̀ wọ́n dúró sán-ún. Lójú tèmi, ẹni tí kò mọ bí ara ṣe ń gbé ara rẹ̀ ró kò lè nà án tó bẹ́ẹ̀. Torí iṣẹ́ yẹn àti torí pé wọn ò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gé igbó náà tán ni UNESCO ṣe kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

O lè ní Jimoh Buraimoh àti Twins Seven Seven, àwọn ayàwòrán Òṣogbo wa, ò lọ sí Vienna. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ Georgina Beier, ayàwòrán tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà níbí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ṣùgbọ́n Buraimoh ti ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ tíátà Dúró Ládiípọ̀, ojú rẹ̀ ti mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí àwọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a mọ̀ lára adé ọba ló mú, ó sín in, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́?

Jọ̀ọ́, padà sí kíláàsì náà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti fi owó pépà àti pẹ́ńsù rán ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọwọ́ òsì rẹ ni kí o kọ́kọ́ máa yà lójoojúmọ́, kí o kó gbogbo rẹ̀ wá fún mi nígbà ìsinmi, èyí tó dára àtèyí tí kò dára.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.