Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí sétí Ìyá: ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí mo rà

Grimsby,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Asalamu alaikum. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ, mo kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ẹ kú àìrí ara. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, oòrùn sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbí, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní Ìyá ò rí oorun sùn, pé ẹnì kan ló lọ sọ fún wọn pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ti di apẹja lórí òkun. Fọ́tò tí mo gbé sí sitátọ́ọ̀sì ni onítọ̀hún rí, ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, torí lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, Ìyá á ti bú sẹ́kún. Ẹ dákun, ẹ rọra kà á fún wọn. Ibi tó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti wáyà, ẹ fò ó, tiyín nìyẹn.

Mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń la ẹja náà ni mo ṣì wà. Ẹja tí à ń là níbẹ̀, láti Iceland àti Norway ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Láyé àtijọ́, àwọn ará Grimsby fúnra wọn ló ń lọ kó o wá, ọkọ̀ wọn sì pọ̀ débi pé wọ́n máa ń pe ibí ní èbúté ẹja tó tóbi jù láyé. Àfi ìgbà tí Iceland fárí gá pé ọkọ̀ àjèjì kankan ò gbọdọ̀ pẹja nínú omi òun mọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí di 1976, Iceland sì borí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn baba níbí, wọ́n sì fọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn tà fún oníṣòwò irin àlòkù. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ wa, ọmọ irú àwọn apẹja bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ta ọkọ̀ fún mi.

Ọkọ̀ kékeré ni, ẹsẹ̀ bàtà 17 ní gígùn. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ó ní yàrá kótópó kan níwájú tí èèyàn lè forí pamọ́ sí bí òjò bá dé. 900 pọ́n-ùn ni mo rà á, tòun ti kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò fi ń wọ́ ọ. Owó náà kì í ṣe owó ilé, kì í ṣe owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Àfikún iṣẹ́ alẹ́ tí mo ṣe nígbà òtútù ni. Lẹ́yìnkùlé bàbá náà ló wà lábẹ́ tapólì fún ọdún gbọọrọ, omi òjò dúró sínú rẹ̀, koríko hù sí i. Nígbà tí mo wọ́ ọ délé, aládùúgbò mi yọjú lójú fèrèsé, ó mi orí, ó tún padà wọlé.

Mo mọ̀ pé Ìyá á ní kí ni ọmọ Ìlọrin ń wá lórí omi. Ẹṣin leégún ilé baba wa, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Odò Àsà tí a mọ̀, orí afárá la ti ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbé létí òkun yìí látọjọ́ tí mo ti dé, ẹja ni mò ń fi ọwọ́ kàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò sì tíì fi ojú ara mi rí ẹyọ kan kó jáde láyè nínú omi rí. Ó ń dùn mí. Mi ò ní ìdí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì ní parọ́ pé mo ní.

Mo tún mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an. Ìjàmbá ti Pàtígì ni, ti oṣù Kẹfà 2023, tí àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ rì sínú Odò Ọya, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Òru ni, ọkọ̀ sì kún ju agbára rẹ̀ lọ. Látìgbà náà, bí Ìyá bá ti gbọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ á lọ sí àyà. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, ẹni tó bá bẹ̀rù omi kò ṣẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n jẹ́ kí wọ́n mọ bí mo ṣe ń tún tèmi ṣe, àti pé kò tíì kan omi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìdí ọkọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn pákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń so rọ̀ sí. Lójú, kò sóhun tó ṣe é; ó funfun, ó ń dán. Bàbá náà mú òòlù kékeré kan, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n gbọ́. Ibi tó dáa ń dún kó, kó, kó. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ihò bóòtì ẹ́ńjìnnì, ohùn rẹ̀ yí padà: bù, bù. Plywood ló wà láàárín fáíbà ti inú àti ti òde níbẹ̀. Ẹni tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn nígbà kan kò dí etí ihò bóòtì, omi wá ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún. Nígbà tí mo gé fáíbà náà ṣí, pákó inú rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tó sun inú omi mọ́jú. Ìka ni mo fi ń kó o jáde, òórùn rẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ mi bọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì tó tẹ̀wọ̀n tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì, tí ìgbì ń gbé sókè tó ń jù sílẹ̀, orí pákó bẹ́ẹ̀ ló gbára lé. Àárín òkun ni ì bá já sí.

Plywood tuntun méjì ni mo lẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mílímítà 18, mo sì fi kílám̀bù fún wọn mọ́ra di ọjọ́ kejì. Ẹpọ́ksì tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ ní ìwà tirẹ̀. Bí òtútù bá mú, kì í gan. Bí èèyàn bá sì po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú ike, á máa gbóná fúnra rẹ̀, ike á rọ̀, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pò ó, nínú abọ́ pẹrẹsẹ, mo sì dúró de oṣù Karùn-ún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Eruku fáíbà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo bo imú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi téèpù dí ọrùn ọwọ́, síbẹ̀ ara ń yún mi nínú mọ́tò, ó ń yún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yún mi lórí ẹní ìkírun.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tiyín, ọ̀gá réwáyà. Gbogbo wáyà inú rẹ̀ ni mo fà jù sílẹ̀. Wáyà mọ́tò lásán ni ẹnì kan lò, iyọ̀ sì ti sọ bàbà inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dá. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀: fọ́nrán bàbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi irin funfun bò, kí iyọ̀ má baà rí i jẹ. Ó wọ́n, àmọ́ mi ò yọ owó níbẹ̀.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ wa pé bọ́dì mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì, pé wáyà kan ti tó fún gílóòbù? Níhìn-ín, ẹ̀kọ́ yẹn ò jẹ́. Fáíbà kì í gbé iná. Wáyà méjì ni gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan àlọ, ọ̀kan àbọ̀, títí padà sórí bátìrì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ kí a fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu wáyà pọ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lórí omi, ẹ̀gbẹ́ ibi tí lẹ́ẹ̀dì bá gan sí gan-an ni wáyà á ti dá. Páláyà la fi ń tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ inú tẹ́mínà, a ó wá ki í bọ inú rọ́bà kan tó ní gọ́ọ̀mù, a ó yá a níná títí á fi sún mọ́ ara wáyà típẹ́típẹ́. Inú yín á dùn tí ẹ bá rí i. Mo ti ra páálí kan pa mọ́ fún yín.

Ẹ ka eléyìí fún Ìyá: páńpù kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa omi jáde. Mi ò jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ súìṣì ńlá kọjá. Láti bátìrì ni, fíúsì àti súìṣì kékeré kan tó ń léfòó nìkan ló wà láàárín. Kódà bí mo bá pa gbogbo iná ọkọ̀ tí mo sì lọ sùn, bí omi bá ti gbé súìṣì kékeré yẹn sókè, páńpù á dá ara rẹ̀ tàn.

Ohun tó tún ń ká mi láyà ni epo bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń rọ̀ sí, ibẹ̀ lá sì wà títí iná kékeré fi máa ta sí i. Nítorí náà mo pàrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, mo sì gbé táńkì sí ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ọ̀dà ò le, mo kùn ún tán kíá. Àwọ̀ búlúù ni.

Ẹ́ńjìnnì: tú-sitróòkù, hóòsì páwà 60, písítìnì mẹ́ta. Ọ́ọ̀lì là ń pò mọ́ epo rẹ̀, 50 sí 1. Ẹni tó bá ti lo I-pass-my-neighbour rí mọ ìyẹn. Kò ní rédíétọ̀. Omi òkun ló ń fà láti ìsàlẹ̀, rọ́bà kékeré kan tó ní ewé lára ló ń tì í gòkè, omi á yí ẹ́ńjìnnì ká, díẹ̀ á sì máa tọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awakọ̀ lè rí i. Bí kò bá tọ̀, kí èèyàn tètè pa á. Rọ́bà tó wà nínú tèmi ti gan, ewé rẹ̀ kan sì ti já. Mo pàrọ̀ rẹ̀, àmọ́ mi ò sinmi títí mo fi rí ewé tó já yẹn nínú ihò omi, torí ó lè dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín nìyí. Mo wọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: písítìnì òkè mú 120, ti ìsàlẹ̀ mú 118, ti àárín mú 95. Ẹ́ńjìnnì ń jó, àmọ́ ó ń gbọ̀n bí kò bá sí lórí ìrìn. Bàbá náà ní ó lè jẹ́ pé èédú ló di ríǹgì písítìnì mú, pé kí n da oògùn sí i kó sùn mọ́jú, kí n tún un wọ̀n. Ọkàn mi sọ pé kí n ṣí orí rẹ̀, kí n fi ojú wo inú sìlíńdà bóyá ó ti ha. Ẹ bá mi bi ọ̀gá tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ yín. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara tú-sitróòkù ju ti gbogbo àwa yòókù lọ.

Ọ̀rọ̀ òkun gan-an, kí Ìyá gbọ́. Omi ibí ń fà sẹ́yìn, ó ń kún padà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà rẹ̀ sì lè ju mítà mẹ́fà lọ. Ìjọba ti tẹ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé, ẹni tí kò bá wò ó, orí ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ á jókòó sí. Ìjọba ò béèrè láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ọkọ̀ kékeré yìí. Ẹnu yà mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ìyẹn ni mo fi ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ fúnra mi. Mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì tó ń wú fúnra rẹ̀ bó bá ti kan omi. Okùn pupa kan wà tí mo máa so mọ́ itan, tí mo bá ṣubú, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Rédíò wà, chánẹ́ẹ̀lì 16 la fi ń ké gbàjarè. Àwọn RNLI, tí wọ́n ti ń yọ èèyàn nínú òkun láti 1824, ní ibùdó ní Cleethorpes lẹ́bàá wa níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbowó oṣù, wọn kì í sì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ. Bàbá tó ta ọkọ̀ ló máa bá mi wọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ojú ọ̀sán ni, a ò sì ní jìnnà sí èbúté.

Ẹ̀yin ìyàwó wa tí ẹ ń béèrè owó ẹja, kò sí o. Òfin ò gba irú ọkọ̀ tèmi láàyè láti ta ẹja. Jíjẹ àti fífi tọrẹ nìkan ni. Ẹja básì tí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 42, ńṣe la ó dá a padà sómi. Títù tí ẹ ń rà ní dídì ní ọjà Ìpàtà náà ń wá sí òkun yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí mo bá pa ọ̀kan, mo máa ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin nìkan ni mo máa fi ránṣẹ́ sí, mi ò tún gbé e sí sitátọ́ọ̀sì mọ́.

Owó síìlì yàrá Ìyá ti wà nínú àkáǹtì yín láti ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ kí òjò oṣù Kẹsàn-án tó dé, kí ẹ sì má jẹ́ kó lo pákó tí kò tíì gbẹ. Ọjọ́ Àìkú ni mi ò kì í lọ síbi iṣẹ́. Bí ohun kan bá ṣì kù lọ́kàn Ìyá, ẹ bá wọn pè mí lẹ́yìn ìrun àlàsárì, kí wọ́n bi mí. Ẹ sì tètè fi èsì písítìnì àárín yẹn ránṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Jímọ̀