Owó Méjì Tí Ará Samáríà Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ Ìkórè ni mo kọ́kọ́ kọ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti kọ ọ́ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fà á ya. Ẹ fi mí sínú àdúrà, oorun ò kun ojú mi. Bí mo bá ti dijú, ìjókòó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mò ń rí, ìjókòó ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run yìí, tó kú kí ìrànwọ́ wa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Lúùkù orí kẹwàá. Láti kékeré la ti mọ ìtàn náà: ọkùnrin kan ń ti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò, àwọn ọlọ́ṣà lù ú, wọ́n bọ́ ọ láṣọ, wọ́n fi í sílẹ̀ ní àìpatán. Àlùfáà kọjá, ọmọ Léfì kọjá, ará Samáríà dúró. Ibẹ̀ la sábà máa ń parí ìwàásù sí. A ó bú àlùfáà díẹ̀, a ó yin ará Samáríà, a ó gba ọrẹ, a ó túká.

Ẹsẹ 35 ni kò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin yìí yọ owó méjì, ó fún olórí ilé-èrò, ó ní kó máa tọ́jú ẹni náà, pé ohunkóhun tó bá ná kún un, òun á san án nígbà tí òun bá padà dé. Owó kan nínú irú owó yẹn ni àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà gbà lójúmọ́ nínú Mátíù orí ogún. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ọba-Ilé iye tó ń gbà lójúmọ́, kí ẹ ká a lọ́nà méjì, kí ẹ wá fi wé owó tí wọ́n ń ní ká kọ́kọ́ san kí wọ́n tó fún aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ sì wo ìgbà tó san án. Kò dúró de bíìlì. Kí ó tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ padà, ó ti sanwó. Kò ní kí wọ́n gbé ọkùnrin náà síta kí àwọn èrò ọ̀nà Jẹ́ríkò kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́ kí wọ́n tó dáwó. Àwa ńkọ́? Fọ́tò la fi ń tọrọ. Ikùn tó wú, ẹsẹ̀ tó jẹrà, a ó gbé e sórí WhatsApp, a ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ò bá ní ìhòòhò rí, a sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Àkúrẹ́ ń wò.

Ní ìpàdé ilé kan lóṣù tó kọjá, a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú: ta ló yẹ kó gbé owó àìsàn ńlá, ṣé ètò adójútòfò ìlera ni, àbí ìjọ àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú? Ẹnì kan ní ìnṣọ́ráǹsì kì í ṣe ti onígbàgbọ́, pé ẹni tó bá ń dáwó àìsàn sílẹ̀ ń ránṣẹ́ pe àìsàn ni. Gbogbo ilé ṣe àmín. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ì bá dáa ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ṣe àmín yẹn ní ìwé ìnṣọ́ráǹsì nínú mọ́tò wọn, nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Wọn ò sọ pé àwọn ń ránṣẹ́ pe ìjàǹbá. Igi gangan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ìyá tó ń dá èsúsú l'Ọ́jà Ọba mọ bí adójútòfò ṣe ń ṣiṣẹ́ ju èmi lọ. Ohun kan ló yàtọ̀: nínú èsúsú, oníkálukú ń retí kó kan òun kí òun kó tòun, ṣùgbọ́n nínú adójútòfò, àdúrà wa ni pé kó má kàn wá. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìfẹ́ ọmọnìkejì, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera ní 2005: òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, títí kan àgbẹ̀ àti aláta. Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ní àjọ tirẹ̀ tó wà fún un. (Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bímọ nígbà Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún lọ́fẹ̀ẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní 2009, ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ti san án ṣáájú ni.) Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bi ìgbìmọ̀ ìjọ pé ta ló ní káàdì. Àwa mẹ́ta la nawọ́, owó oṣù la sì ń gbà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe pé mò ń polówó. Káàdì yẹn ò lè gbé gbogbo ẹrù. Ẹni tó ní in, ìdá mẹ́wàá owó oògùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá di kíndìnrín tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí jẹjẹrẹ, owó rẹ̀ tètè ń kọjá ibi tí ètò náà dé. Ibẹ̀ ni ìlàjì kejì ẹsẹ náà ti wúlò: "ohunkóhun tí o bá ná kún un." Kò dá iye kan. Owó méjì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, àánú wá tẹ̀ lé e. Ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì, a wá jókòó ń jiyàn èwo ni ká mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn mí gan-an. Àjọ adójútòfò lè béèrè bóyá o ti sanwó, nítorí bí wọn ò bá béèrè, àpò á gbẹ. Ìjọ ńkọ́? Ta ló kọ́ wa láti máa ṣí ìwé owó ẹgbẹ́ lórí ọ̀ràn ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lẹ́nu? Ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ ohun tí mò ń wí. Oṣù mẹ́jọ! Ẹ ka oṣù mẹ́jọ tí ènìyàn jẹ gbèsè, ẹ ò ka ọdún tó fi ń gbá ilẹ̀ ilé Ọlọ́run yìí kí ẹ tó jí. Ọjọ́bọ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé kí a fún un lówó. Owó náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nínú àpò ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ti ń yan àwọ̀ aṣọ. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn.

Èmi náà kò mọ́. Òfin tí wọ́n tẹ̀ lé, pé ẹni tó bá jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ kò ní rí ìrànwọ́ gbà, ìbuwọ́lùwé mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan fà mí lápá lẹ́yìn ìsìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká parí Ìkórè ná." Èmi ni àlùfáà tó gba òdìkejì ọ̀nà kọjá. Láti òní lọ, òfin yẹn ti parẹ́. Bí aláìsàn bá wà, ẹ kàn mí lẹ́kùn, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́.

Akápò wa, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun kánú láti ọjọ́ náà. Mi ò bínú sí yín. Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún yín lẹ ṣe. Ẹ má fi ìjọ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nàka sí yín. Ìyá Ìjọ ní kí ẹ wá lọ́sàn-án òní, iyán ni a máa jẹ, kò sì sí ìwé kankan tí a máa ṣí. Gbogbo yín, mo fẹ́ràn yín. Bí mo bá ń bá yín wí, ara mi ni mò ń bá wí.

ÌKÉDE: A sún Ìkórè síwájú, a ó kéde ọjọ́ tuntun. Kò sí ìpàdé ilé ní Ìjọ̀kà lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn akọrin, ago mẹ́rin ọjọ́ Ọjọ́rú, ẹ mú aṣọ funfun dání. Lẹ́yìn ìsìn òní, arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì máa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láti ṣàlàyé bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Ẹ mú nọ́ńbà NIN yín wá, kí àwọn ọ̀dọ́ ran àwọn àgbà lọ́wọ́. Ẹni tó yá ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ Ìyá, ẹ dá a padà kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. A sì ń wá ẹni tí á máa ṣílẹ̀kùn, tí á sì máa gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run kí ago mẹ́fà ààárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó lù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.